Ife Ẹ̀yẹ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́ Gbà Padà

Ismaheel Ṣùpọ̀ kì í ṣe ọmọ etí odò. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, ní Òkè-Àdó, ẹja tó sì mọ̀ jù ní kékeré ni òkú Èkó tí ìyá rẹ̀ máa ń rà wálé pẹ̀lú yìnyín lára. Ó ti lé ní ogójì ọdún kó tó di ọ̀pá ìpẹja mú rárá, bí kò bá sì jẹ́ ti ẹ̀yìn tó ń dùn ún, kì bá tí dì í mú láé.

Bọ́ọ̀sì ló ń wà láàárín Woolwich àti Thamesmead. Dókítà ní kó máa rìn dáadáa lọ́jọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, kí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lè nà. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn létí Thames, láti ẹ̀yìn Woolwich Arsenal títí dé Thamesmead. Níbẹ̀ ló ti rí àwọn ọkùnrin tó fara ti ògiri odò pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹja ló fà á mọ́ra. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni. Ẹni tó bá ti fi wákàtí mẹ́jọ gbọ́ agogo bọ́ọ̀sì, tó gbọ́ ẹkún ọmọ, tó sì gbọ́ ẹni tí káàdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ tó ń bú awakọ̀ bí ẹni pé awakọ̀ ló ba káàdì jẹ́, á mọ iyì ìdákẹ́jẹ́.

Gbénga Oyèdìran ló fà á wọ inú ẹgbẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Gbénga, takisí ló ń wà, Thamesmead ló ń gbé, ó sì fi bí ọdún mẹ́wàá kéré sí Ismaheel. Ó rí i tó ń dúró wò wọ́n ní Sátidé mẹ́ta léra, ó sì sọ Yorùbá sí i láìbéèrè bóyá ó gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá mú ọ̀pá kan. Wíwò yìí ti pọ̀ jù."

Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Gbénga ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so ìwọ̀ mọ́ okùn tí kò fi ní tú, bí wọ́n ṣe ń ju ìjẹ sí ibi tí omi ti ń yí, àti bí ọwọ́ ṣe ń mọ̀ pé ẹja ló ń fà, kì í ṣe àpò ọ̀rá. Ismaheel ní tirẹ̀ ló gbé Gbénga àti ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ìyàwó náà ń rọbí, tí takisí sì kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Mùsùlùmí ni ẹnì kan, ọmọ ìjọ Pẹntikọ́sì ni ẹnì kejì, wọn kì í sì í bá ara wọn jiyàn lórí ìyẹn. Tí àkókò ìrun bá tó, Gbénga á di ọ̀pá méjèèjì mú títí Ismaheel á fi kírun tán.

Ẹja tí ẹgbẹ́ apẹja náà ń lé jù ni báàsì. Ara rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, ẹ̀gún ṣóńṣó wà lẹ́yìn rẹ̀, òkun ló sì ti ń bá omi iyọ̀ wọ Thames nígbà tí odò bá ń kún. Lóṣù Kẹsàn-án ọdọọdún ni ẹgbẹ́ ń ṣe ìdíje rẹ̀. Kò sí owó nínú ìdíje náà. Ife ẹ̀yẹ fàdákà kan ni wọ́n ń dù, tí wọ́n ti ń fín orúkọ àwọn tó gbà á sí lára fún bí ogójì ọdún. Ẹni tí ẹja rẹ̀ bá gùn jù ló borí, wọn kì í sì í pa ẹja náà. Méjì-méjì làwọn apẹja máa ń dúró, tí ẹnì kan á jẹ́ ẹlẹ́rìí ẹnì kejì. Wọ́n á tẹ́ ẹja sórí pátákó kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí bíi ti rúlà, imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan igi kékeré tó wà níbẹ̀rẹ̀ pátákó, ẹlẹ́rìí á ka nọ́ńbà tó wà níbi ìrù, á ya fọ́tò, á kọ ọ́ sí káàdì, wọ́n á sì dá ẹja padà sómi kíákíá kó má baà kú. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ni ẹgbẹ́ ń gbà.

Ọdún mẹ́jọ ni Ismaheel ti ń bá wọn díje, ibi tó dé jù ni ipò kẹrin.

Lọ́jọ́ ìdíje ọdún 2016, òjò wínníwínní ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Odò bẹ̀rẹ̀ sí í kún ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ní apá òsì Ismaheel àti Gbénga, bí ogún ìṣísẹ̀ sí wọn, Len dúró síbẹ̀ nínú ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ewé. Òyìnbó arúgbó ni Len, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ Woolwich látilẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì ti gba ife náà. Bí aago mọ́kànlá ṣe lù, wọ́n gbọ́ tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ pe gígùn ẹja tó mú: sẹ̀ǹtímítà méjìléláàádọ́ta. Gbénga pòṣé.

"Wọ́n tún ti gbà á," ló wí.

Ó kù díẹ̀ kí aago kan lù nígbà tí okùn Ismaheel dúró gbọn-in. Ó kọ́kọ́ rò pé òkúta ló fi kọ́, àfìgbà tí òkúta náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀pá tẹ̀ kọdọrọ. Ẹja náà sá lọ sí àárín odò, ó yí padà, ó tún forí lé abẹ́ ògiri níbi tí irin tó ti dógùn-ún wà, tí okùn bá sì kan irin yẹn, á já. Ismaheel ń rìn tẹ̀lé e létí ògiri, ó ń fà, ó ń tú u, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ta á, kò sì ráyè fún ẹ̀yìn. Nígbà tó rẹ ẹja, Gbénga dọ̀bálẹ̀ sórí ògiri, ó na àwọ̀n tó ní ọ̀pá gígùn sísàlẹ̀, ó sì gbé e sókè.

Ismaheel kúnlẹ̀, ó tẹ́ ẹja sórí pátákó, ó fi ọwọ́ tútù méjèèjì di ìdí ìrù rẹ̀ mú. Gbénga fi àtàǹpàkò òsì di orí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Mẹ́tàléláàádọ́ta," ni Gbénga wí. Ó ya fọ́tò. "Ẹ dá a padà, Ẹ̀gbọ́n, kíá."

Ismaheel gbé ẹja sínú àwọ̀n, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sómi, ó ń wò ó títí tó fi ju ìrù lẹ́ẹ̀kan tó sì lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nínú gbọ̀ngàn kékeré tí ẹgbẹ́ ti ń ṣèpàdé, Keziah akọ̀wé gbé ife lé e lọ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Len wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò sọ ju "Ẹja tó dára ni" lọ, ó sì lọ mú tíì rẹ̀. Gbénga ya fọ́tò mẹ́wàá. Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo ayé ti rí i lórí fóònù. Àwọn ọkùnrin tó ń jáde láti mọ́ṣáláṣí ń pè é ní Baba Apẹja, àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fun fèrè bọ́ọ̀sì sí i lójú ọ̀nà, àbúrò rẹ̀ sì pè láti Ìbàdàn láti béèrè odò tó ti kọ́ ọ. Inú Ismaheel dùn. Kò sí àǹfààní kankan nínú kí á purọ́ nípa ìyẹn.

Habeebah ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà ní yunifásítì, ló ní àfi kí wọ́n tẹ fọ́tò ẹja náà jáde.

"Daddy, send èyí tó wà lórí pátákó yẹn sí mi. Mo mọ shop kan ní Plumstead High Street, wọ́n á ṣe é ní ńlá fún ẹ."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìdíje, ó gbé e wálé, ó fẹ̀ tó gíláàsì fèrèsé. Wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ nílé wọn ní Morris Walk. Ìdajì àwọn tó ń gbé inú ilé náà ti kó lọ nígbà yẹn, wọ́n ti fi pákó dí ilẹ̀kùn wọn, Afusat ìyàwó Ismaheel sì bi Habeebah léèrè pé kí ni wọ́n ń gbé nǹkan kọ́ fún nínú ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Ṣùgbọ́n ó di ìṣó mú fún ọkọ rẹ̀.

Àárọ̀ Sunday tó tẹ̀lé e ni Ismaheel rí i. Ó ń mu tíì, ó ń wo ẹja rẹ̀, ojú rẹ̀ rìn láti ìrù lọ sí orí. Lórí fóònù, àtàǹpàkò Gbénga bo ẹnu ẹja, ènìyàn á rò pé imú ti kan igi. Nínú fọ́tò ńlá yìí, àlàfo wà láàárín èékánná àti ètè ẹja. Pátákó funfun hàn níbẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lórí pátákó yẹn ni méjì.

Ó gbé tíì kalẹ̀. Ó súnmọ́ ọn, ó fi ìka kàn án. Imú ẹja kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Méjì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹja náà kò ju mọ́kànléláàádọ́ta lọ. Len ló borí.

Afusat jáde láti yàrá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ń lọ síbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó.

"Bàbá Habeebah, kí lẹ̀ ń wò tó bẹ́ẹ̀?"

Ó fi hàn án. Afusat tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, ó mọ ọkọ rẹ̀, kò sì béèrè bóyá òun ló ṣe é. Ohun tó béèrè le ju ìyẹn lọ.

"Nígbà tó pe mẹ́tàléláàádọ́ta, ṣé kò yà yín lẹ́nu?"

Ismaheel tún wo ẹja náà. Nígbà tí ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé àádọ́ta ni, ó pọ̀ jù kó lé kan. Ó gbọ́ mẹ́tàléláàádọ́ta, ayọ̀ sì pa á lẹ́nu mọ́.

"Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀," ló wí.

"Ẹ ò sì wò ó."

"Mi ò wò ó."

Afusat mú báàgì rẹ̀, ó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Ismaheel lọ bá Gbénga níbi tó ti ń dúró de èrò nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Woolwich Arsenal. Ó jókòó sí iwájú takisí, ó gbé fọ́tò tó wà lórí fóònù rẹ̀ síwájú Gbénga, ó fẹ̀ ẹ́ níbi orí ẹja. Gbénga wò ó, kò sì díbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́. Ọdún mélòó la ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí? Àwa la ń to àga, àwa la ń pàtẹ́wọ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, wọ́n á ní ẹ ṣeun tí ẹ wá, bí ẹni pé àlejò ni wá. Mo kàn ní kí orúkọ tiwa wà lára ife yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Orúkọ ta ni? Orúkọ tèmi ni. O ò bi mí."

"Tí mo bá bi yín, ẹ ò ní gbà."

"O mọ̀ pé mi ò ní gbà, o wá ṣe é."

"Sẹ̀ǹtímítà méjì ni. Ta ló kú síbẹ̀?"

"Ó yẹ kí ìwọ fúnra rẹ lọ sọ fún wọn."

Gbénga rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Kí n lọ sọ kí ni? Kí wọ́n ní ṣebí ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, ṣebí a ti mọ̀? Kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n á pè ní olè, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà ni, àti ẹnikẹ́ni tó bá tún gbé irú orúkọ wa dé ibẹ̀ lọ́la. Ẹ jẹ́ kó lọ."

Ohun tó ń dun Ismaheel ni pé kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó bọ́ sílẹ̀ láìdágbére.

Ó di ife sínú báàgì, ó gbé e lọ sílé Keziah ní Plumstead. Ará Jamaica ni Keziah, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, òun ló ń kọ gbogbo ìwé ẹgbẹ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin, ó wo fọ́tò, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ismaheel, ọjọ́ méje lẹni tó bá ní ẹ̀sùn ní láti fi mú un wá. Ọjọ́ yẹn ti kọjá. A ti tẹ èsì jáde, a sì ti sanwó fún ẹni tó máa fín orúkọ rẹ sára ife."

"Èmi ni mo mú ẹ̀sùn wá, Auntie. Ara mi ni mo ń fẹ̀sùn kàn."

"Òfin kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ń fẹ̀sùn kan ara rẹ̀." Ó ti báàgì padà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Lọ́dún tó kọjá, àwọn méjì jà nítorí ibi tí wọ́n máa dúró sí, ẹni mẹ́fà ló kúrò nínú ẹgbẹ́. Tí mo bá tún gbé èyí síta, a ò ní ku ẹni mẹ́wàá. Gbé ife rẹ lọ sílé."

Ó gbé e lọ sílé. Nígbà tó di Tuesday tí kò níṣẹ́, ó tún gbé e, ó lọ bá Len létí odò. Len wà níbi tó máa ń wà. Ismaheel kí i, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Len ń ká okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò yíjú sí i.

"Mo mọ̀," ni Len wí.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Mo ń bọ̀ wá wo ẹja rẹ lọ́jọ́ yẹn. Mo rí ibi tó fi àtàǹpàkò sí. Mo rò pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ṣe é."

Sátidé mẹ́ta ni Ismaheel ti kí ọkùnrin yìí láti ọjọ́ ìdíje. Sátidé mẹ́ta ni ọkùnrin yìí ti dá a lóhùn, tó bá a sọ̀rọ̀ òjò àti ìjẹ, tó sì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé olè lòun ń bá sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ nǹkan kan?"

"Kí n dìde nínú gbọ̀ngàn, èmi arúgbó òyìnbó, kí n ní àwọn dúdú méjì yẹn rẹ́ mi jẹ? Ta ló máa gbà pé tìtorí ẹja ni? Mi ò nílò ife yẹn tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò bá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ò bá bi mí."

"Ó ṣeé ṣe," ni Len wí.

Ismaheel gbé báàgì síwájú rẹ̀. "Ẹ gbà á báyìí. Tiyín ni."

"Mi ò gbà á. Inú odò ló yẹ kó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kì í ṣe inú báàgì rẹ."

Ismaheel dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ó ń wo ẹ̀yìn ọrùn arúgbó náà, inú sì bí i débi tó fẹ́ ju fàdákà náà sí Thames. Ẹni tó rẹ́ wọn jẹ ní nítorí rẹ̀ lòun ṣe ṣe é. Ẹni tó ń tọ́jú ìwé kò fẹ́ wàhálà. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ti dá ẹjọ́ rẹ̀ láìgbọ́ ẹnu rẹ̀, ó sì ti dárí jì í fún ohun tí kò ṣe. Òun nìkan ló kù tó ń gbé ife kiri Woolwich bí ẹni tó ń ta ọjà tí kò tà.

Ìpàdé oṣù Kẹwàá ló parí rẹ̀ sí. Kò tún bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí alága béèrè bóyá ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀, Ismaheel dìde, ó gbé ife sórí tábìlì, ó tẹ́ fọ́tò ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà méjì.

"Ẹja mi kò ju mọ́kànléláàádọ́ta lọ," ló wí. "Ọwọ́ mi ti sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé kò tó iye tí wọ́n pè. Mi ò wò ó, torí mo fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn."

Kò dárúkọ Gbénga, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀. Gbogbo ojú yí sí ẹ̀yìn. Gbénga dìde láti orí àga rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni.

"Èmi ni mo ṣe é. Kò mọ̀ sí i," ló wí. Ó mú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó jáde, afẹ́fẹ́ sì gbá ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n sọ ọ́, wọ́n tún un sọ. Nígbẹ̀yìn, alága ní kí wọ́n fagi lé ìdíje ọdún yẹn, kí àyè rẹ̀ lára ife ṣófo. Wọ́n dá Gbénga dúró fún ọdún kan. Wọ́n yọ ẹja Ismaheel kúrò nínú ìwé pátápátá, kódà wọn kò fi mọ́kànléláàádọ́ta rẹ̀ sílẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ iye tó mú ní tòótọ́ nìyẹn, ẹja tó tóbi jù tó tíì mú láyé rẹ̀ sì ni. Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún òtítọ́ rẹ̀ ní ohùn tí tíṣà fi ń yin ọmọ tó dá pẹ́ńsùlù ẹlòmíràn padà. Bó ṣe ń jáde, ó gbọ́ tí ẹnì kan sọ fún ẹnì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga pé bóyá kì í ṣe àkọ́kọ́ irú ẹ̀ nìyẹn. Len pàápàá ń bínú. Ó ní ẹja méjìléláàádọ́ta òun kò tún wá já mọ́ nǹkan kan báyìí.

Ismaheel délé, ó jókòó láìbọ́ bàtà.

"Ṣé wọ́n gbà á?" ni Afusat béèrè.

"Wọ́n gbà á."

"Ṣé ara yín wá fúyẹ́?"

"Rárá," ló wí. "Ara mi ò fúyẹ́."

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀lé e, ó tún forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje, kò sì rí ẹni tó fẹ́ bá a dúró. Ẹnì kan ní òun ti ní ẹnì kejì. Òmíràn fi àwàdà sọ pé òun kò fẹ́ lọ sí kọ́ọ̀tù nítorí ẹja. Keziah ló wá ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó jókòó sórí àga oníkànfáàsì pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀, ó ń wo aago. Ẹja kan ṣoṣo ni Ismaheel mú, kò tó ogójì. Keziah wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

Gbénga kò padà sí ẹgbẹ́ nígbà tí ọdún kan rẹ̀ pé. Ismaheel pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Ó di ìgbà ààwẹ̀ ọdún 2018 kí wọ́n tó fojú kan ara wọn, nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Plumstead High Street. Ismaheel wà lórí ìlà pẹ̀lú dàbínù lọ́wọ́. Gbénga ń jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ààwẹ̀."

"O ṣé, Gbénga. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Dáadáa ni wọ́n wà."

Ismaheel fẹ́ sọ nǹkan kan sí i. Ẹni tó ń gbowó pè é pé òun ló kàn, ó yíjú sí i láti gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, nígbà tó sì wẹ̀yìn, Gbénga ti lọ.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Afusat ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè ohun tó fẹ́ sọ.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Mi ò lè ní kó má bínú. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, ohun tí mo ṣe yẹn náà ni màá ṣe. Òun ló ń bí mi nínú jù."

Afusat gbé omi tútù síwájú rẹ̀, torí àkókò ìṣínu ti tó.